Nínú àwọn fíìmù iwin àtijọ́, èwo ló yẹ ká fi hàn l'Òkè-Àdó?

Ọmọ Òkè-Àdó

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan rèé tí mo fẹ́ ká jọ fi ẹnu kò lé lórí. Àwa kan ládùúgbò wa máa ń kóra jọ lálẹ́ Sátidé láti wo sinimá lára ògiri ẹ̀yìnkùlé. Àwọn ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa náà máa ń gbé àga wọn wá. Wọ́n ti ní fíìmù iwin làwọn fẹ́ lóṣù tó ń bọ̀, ti àtijọ́ tí àwọn tó mọ sinimá ń yìn, èmi ni wọ́n sì ní kí n wá a.

Lójú tèmi, The Haunting ni ọba wọn, èyí tí Robert Wise darí lọ́dún 1963, kì í ṣe èyí tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 1999. Wise yìí kan náà ló wá ṣe The Sound of Music lọ́dún 1965, tí kò sí ilé ẹni tí wọn kì í ti kọrin rẹ̀. Inú ìwé Shirley Jackson ni wọ́n ti mú ìtàn The Haunting. Ọ̀mọ̀wé kan tó ń ṣèwádìí ọ̀rọ̀ iwin kó èèyàn mélòó kan jọ sínú ilé ńlá kan tó ń jẹ́ Hill House. Ọ̀kan nínú wọn ni Eleanor, obìnrin tó ti fi ọdún 11 tọ́jú ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn títí ìyá náà fi kú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ ò ní fojú kan iwin kankan. Ìró ni. Nǹkan kan á máa gbá ògiri láti ìsàlẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ bọ̀, gbì, gbì, gbì, á dé ẹnu ilẹ̀kùn, á dákẹ́. Ilẹ̀kùn igi tó ki pọ́pọ́ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wú bọ̀ nínú yàrá, á sọ kalẹ̀, á tún wú, bí ikùn ẹni tó ń sùn. N ò tíì rí fíìmù iwin tó jù ú lọ. Ẹ dá sí i.

Tíṣà Mọ́kọlá

O ṣeun, àbúrò mi. Fíìmù ńlá lo dárúkọ yẹn. Ṣùgbọ́n The Innocents ti Jack Clayton, tó jáde lọ́dún 1961, ni èmi fi ṣe àkọ́kọ́.

Deborah Kerr ló ṣe obìnrin tí ọ̀gá kan gbà pé kó lọ máa tọ́jú ọmọ mọ̀lẹ́bí òun méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan, tí wọn ò ní bàbá, wọn ò ní ìyá. Ọ̀gá náà ní ohunkóhun tí ì báà ṣẹlẹ̀, kó má fi yọ òun lẹ́nu. Obìnrin náà dé ilé ńlá yẹn ní ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn méjì tí kò yẹ kó rí: ọkùnrin kan tó ti jẹ́ ìránṣẹ́ nínú ilé náà, àti obìnrin tó ṣe irú iṣẹ́ tirẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Àwọn méjèèjì ti kú.

Ohun tó mú mi nínú fíìmù náà ni pé ojúmọmọ ni òkú ń yọ. Òun àti ọmọbìnrin náà wà létí omi, ó gbójú sókè, obìnrin kan wọ aṣọ dúdú, ó dúró láàárín koríko etí omi lódìkejì. Kò sáré, kò pariwo, kò nawọ́. Ó dúró ni. Nígbà tó yá, ó tún bá a ní yàrá tí àwọn ọmọ ti ń kàwé, ó jókòó sídìí tábìlì, ó ń sunkún. Bó ṣe ń sún mọ́ ọn, ẹni náà ò sí níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kán omijé kan ṣẹ́ kù lórí síléètì. Omi gidi. Mo ti wo ibẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ara mi ṣì máa ń bù máṣọ.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ya á. Ilé iṣẹ́ tó ni fíìmù náà ní dandan, àwòrán fífẹ̀ gbọọrọ ni àwọn fẹ́. Freddie Francis tó di kámẹ́rà mú wá kun ẹ̀gbẹ́ gíláàsì iwájú lẹ́ǹsì kí ọ̀tún àti òsì àwòrán lè ṣókùnkùn. Ojú ẹni tó ń wò ó á wá máa yà sínú òkùnkùn yẹn ṣáá, á máa wá ohun tó lè wà níbẹ̀. Títí fíìmù á fi parí, wọn ò sọ fún wa bóyá òkú ló ń yọ lóòótọ́ àbí ọkàn obìnrin náà ló ń dà rú. Ìdí méjèèjì ló dúró ṣinṣin.

Ọmọge Bódìjà

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Kí ẹ má bínú, àwọn ọ̀rẹ́ mi tó máa ń wá Sátidé yẹn, bí wọ́n bá ti rí àwòrán dúdú àti funfun báyìí, fóònù ni wọ́n á máa tẹ̀. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ Ringu? Jàpáánì, 1998, Hideo Nakata. Fíìmù àtijọ́ náà ni fún àwa tí wọn ò tíì bí nígbà yẹn. Fídíò kan wà, ẹni tó bá wò ó, ọjọ́ 7 ló kù fún un láyé. Sadako, iwin tó máa ń jáde wá látinú tẹlifíṣọ̀n yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò rìn bí ẹsẹ̀ èèyàn rárá. Wọ́n ní kí òṣèré náà máa fi ẹ̀yìn rìn ni, wọ́n wá yí àwòrán náà padà kó lè dà bíi pé ó ń bọ̀ níwájú. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n ńlá nìyẹn, láìlo kọ̀ǹpútà!

Iwin inú ilé ńlá òyìnbó ò kàn mí, n ò gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí. Tẹlifíṣọ̀n wà ní pálọ̀ wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ òpin fíìmù kankan níbí o.

Bàbá Mápó

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, inú mi sì dùn. Ṣùgbọ́n ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. Iwin òyìnbó, ilé ló ń gbé. Ẹni tí kò bá wọ ilé yẹn, wàhálà bùṣe. Òkú tiwa kì í dúró lójú kan bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n sin síbí lè lọ máa tajà ní Kánò, kó fẹ́ aya, kó bímọ, kó máa san owó ilé, kó wà bẹ́ẹ̀ títí dọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ kan á rìn dé ọjà náà, tí á pe orúkọ rẹ̀. Wọ́n á wá a títí, wọn ò ní rí i mọ́. Kò sí ẹni tí ìyá rẹ̀ ò sọ irú ìtàn àkúdàáyà bẹ́ẹ̀ fún nínú wa.

Ẹ tún wò ó, ìlú Ìbàdàn kan náà yìí ni ará ọ̀run ti ń jáde lọ́sàn-án gangan pẹ̀lú ìlù. Alápáńsánpá jáde, àwọn ọ̀dọ́ ń sá tẹ̀lé e, wọ́n tún ń sá padà. Olóòlù jáde, obìnrin wọlé. Nítorí náà, pé òkú yọjú nìkan kò tó láti dá wa níjì. Ohun tí a máa ń bi í ni pé, kí lo wá ṣe? Ta ló jẹ ọ́ ní gbèsè? Fíìmù iwin tí kò bá ti dáhùn ìyẹn, ariwo lásán ni lójú mi.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ má fo Living in Bondage ti 1992. Èdè Ìgbò ni wọ́n fi ṣe é, fídíò ni wọ́n fi ya á, iṣẹ́ kámẹ́rà rẹ̀ kò sún mọ́ ti àwọn tí ẹ kà sílẹ̀ yìí. Síbẹ̀, Andy fi Merit ìyàwó rẹ̀ ṣòògùn owó. Owó dé. Merit náà dé. Iwin tó ní ẹjọ́ láti rò nìyẹn, kò sì sí ẹni tó máa wò ó nílẹ̀ yìí tí wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé fún.

Ọmọ Òkè-Àdó

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀pá tí ẹ gbé kalẹ̀ yẹn wọn The Haunting. Mo ní nǹkan kan ń gbá ògiri, àbí? Ìyá Eleanor tó ń ṣàìsàn, ògiri ló máa ń gbá pe ọmọ rẹ̀ lóru tó bá fẹ́ oògùn. Lóru ọjọ́ tó kú, ó gbá ògiri, Eleanor ò dìde. Kò tilẹ̀ dá òun fúnra rẹ̀ lójú bóyá òun gbọ́ tí òun sì tún sùn padà. Ohun tó ń bá a ká kiri nínú ilé yẹn nìyẹn. Ẹlòmíì nínú yàrá náà, ẹ̀rù ariwo ló ń bà á. Ẹ̀rù ẹ̀bi ló ń ba Eleanor. Bàbá, òkú tó ní gbèsè láti gbà rèé, kò kàn jẹ́ ká rí ojú rẹ̀ ni.

Bàbá Mápó

Ìyẹn wọ̀ mí létí. Ìyá tó ń pe ọmọ tí ọmọ ò dáhùn! O ò bá ti fi èyí bẹ̀rẹ̀. Mo gbà kí ó wà nínú àwọn tí a máa wò.

Oníkámẹ́rà Challenge

Ẹ kú ìjókòó. Èmi tí mò ń ya ìgbéyàwó àti ìsìnkú jẹun, ibi tí fíìmù máa ti ṣiṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. The Haunting dára ju bí ẹ ṣe sọ ọ́ lọ. Wise lọ bẹ àwọn Panavision fún lẹ́ǹsì kan tó fẹ̀ gan-an tí wọn ò tíì ṣe tán. Wọ́n ní ó ń yí àwòrán po, kó fọwọ́ sí ìwé pé òun mọ̀ kí wọ́n tó fún un. Yíyí yẹn gan-an ló ń wá. Ìdí nìyẹn tí àjà ilé fi dà bíi pé ó fẹ́ wó lu àwọn èèyàn náà mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé l'Òkè-Àdó, lálẹ́ Sátidé! Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń dún, òde àríyá wà ní òpópónà kejì, bí òjò bá wá ṣú tó bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù, ta ló máa gbọ́ ohun tó ń gbá ògiri? Fíìmù tó gbé gbogbo ẹ̀rù rẹ̀ lé etí, ẹ má gbé e síta. Ti Tíṣà náà ní ìṣòro tirẹ̀. Òkùnkùn ẹ̀gbẹ́ àwòrán tó dùn bẹ́ẹ̀ yẹn, lára ògiri tí wọn ò kùn, tí gílóòbù ojúde sì ń tàn sí, ẹ ò ní rí nǹkan kan ju eérú lọ.

Mo mú òmíràn wá. Carnival of Souls, 1962. Herk Harvey ló darí rẹ̀, ará Lawrence ní Kansas, l'Amẹ́ríkà. Fíìmù ilé ẹ̀kọ́ àti ti ilé iṣẹ́ ló ń fi ṣe iṣẹ́ òòjọ́, fíìmù ìtàn tó gùn kan ṣoṣo tó ṣe láyé rẹ̀ nìyí, owó tó fi ṣe é ò tó nǹkan. Ọkọ̀ tó gbé àwọn ọmọbìnrin já sódò láti orí afárá. Wọ́n wá wọn títí, wọn ò rí wọn. Àfi bí ọ̀kan nínú wọn ṣe rìn jáde látinú omi, ẹrẹ̀ ní gbogbo ara, kò rántí bó ṣe jáde. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ sí ìlú mìíràn lọ́nà jíjìn, ó gba iṣẹ́ títẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó gba yàrá kan. Nígbà mìíràn tó bá wọ ìsọ̀, á máa bá wọn sọ̀rọ̀, wọn ò ní gbọ́, wọn ò sì ní rí i. Gbọ̀ngàn àríyá àtijọ́ kan wà létí adágún iyọ̀ tó ń pè é ṣáá. Ìmọ́lẹ̀ fíìmù náà mọ́ kedere, dùùrù rẹ̀ sì lè bo jẹnẹrétọ̀ mọ́lẹ̀.

Bàbá Mápó

Ó kú, ó lọ sí ìlú mìíràn, ó gbaṣẹ́, ó gba yàrá. Àkúdàáyà ni ọmọ yẹn!

Ọmọge Bódìjà

Bàbá! Mo bẹ̀ yín, ẹ ti tú gbogbo rẹ̀ síta.

Bàbá Mápó

Má bínú sí mi, ọmọ mi. Gbọ́ èyí ná. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ ìtàn àkúdàáyà fún wa, ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ pé ọkùnrin náà ti kú. Ìyàwó tó fẹ́ ẹ ni kò mọ̀. Àwa tí a mọ̀ á wá máa wo obìnrin náà bó ṣe ń se ọbẹ̀ fún un, àánú rẹ̀ á máa ṣe wá, ẹ̀rù á máa bà wá fún un. Bí wọ́n bá fi pamọ́ fún wa di ìparí, ẹ̀ẹ̀kan péré la máa fò sókè.

Tíṣà Mọ́kọlá

Ibi tí mo wà nìyẹn, Bàbá. The Sixth Sense ti 1999 àti The Others ti 2001, wọ́n dára, mo fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n àṣírí òpin ló gbé apá tó pọ̀ jù nínú iyì wọn. The Innocents ò fi nǹkan kan pamọ́ dè wá. Bí mo ṣe ń wò ó sí i ni iyèméjì mi ń pọ̀ sí i. Ọmọge, wo Carnival of Souls bẹ́ẹ̀ náà, wàá rí i pé ojú ọmọbìnrin yẹn fúnra rẹ̀ ti sọ fún wa tipẹ́.

Ìyá Agodi

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo ti ń kà á láti àárọ̀, mo ń retí kí ẹnì kan dárúkọ Ugetsu, kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Kenji Mizoguchi ló ṣe é ní Jàpáánì lọ́dún 1953, ó gba ẹ̀bùn Kìnnìún Fàdákà ní Venice. Ẹ fún mi láyè kí n sọ ọ́ dáadáa, kò sì sí àṣírí kankan tí mo fẹ́ fi pamọ́.

Ogun wà nílùú. Amọ̀kòkò kan, Genjuro, rí i pé ìkòkò ń tà gan-an lásìkò ogun, ojú rẹ̀ wá wọ owó. Ó fi ìyàwó rẹ̀ Miyagi àti ọmọ wọn kékeré sílẹ̀, ó lọ tajà nígboro. Obìnrin ọlọ́lá kan ra ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó gbé e wá sílé òun. Ilé náà dára, obìnrin náà rẹwà, ó yin iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni ò ṣe yìn ín rí. Ó bá dúró síbẹ̀. Òkú ni obìnrin náà. Ó kú láìmọ ìfẹ́ ọkùnrin, ohun tó wá ṣe láyé nìyẹn. Bàbá Mápó, ẹ rí i pé ó ní èsì sí ìbéèrè yín. Àlùfáà kan ló rí ikú lójú Genjuro, tó kọ àdúrà sí i lára kí obìnrin náà má lè fọwọ́ kàn án mọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni mo ń lọ. Genjuro padà sílé lóru. Ó ṣí ilẹ̀kùn, inú ilé ṣókùnkùn, ààrò ti kú, kò sí ẹnikẹ́ni. Ó ń pe orúkọ ìyàwó rẹ̀. Ó gba ẹ̀yìn jáde, ó ń yí ilé po, kámẹ́rà sì wà nínú ilé, ó ń bá a yí láìjá àwòrán. Nígbà tó máa fi dé ẹnu ọ̀nà padà, iná ti ń jó nínú ààrò, Miyagi jókòó tì í, ó ń dáná. Kò bá a jà. Kò bi í pé níbo lo wà látìgbà yìí. Ó fún un ní oúnjẹ, ó fún un ní ọtí, ọkùnrin náà gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó sùn. Obìnrin náà ò sùn. Ó jókòó nídìí fìtílà, ó ń tún aṣọ ọkọ rẹ̀ rán mọ́jú. Ilẹ̀ mọ́, olórí abúlé wọlé, ó ní ta lò ń pè? Àwọn ọmọ ogun ti pa ìyàwó rẹ tipẹ́.

Ọkọ tèmi ti di ará ọ̀run. Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí kí èèyàn fẹ́ alẹ́ kan ṣoṣo yẹn. Gbogbo iwin tí ẹ ti ń kà yìí, wọ́n wá gbẹ̀san ni, tàbí wọ́n wá dẹ́rù bani, tàbí wọn ò mọ̀ pé àwọn ti kú. Èyí wá tọ́jú ilé. Kò sí èyí tó tó o nínú wọn.

Oníkámẹ́rà Challenge

Àwòrán yíyípo yẹn, ẹ ṣeun tí ẹ mẹ́nu bà á, ìyá wa. Kazuo Miyagawa ló di kámẹ́rà. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí ọkùnrin náà fi wà níta, òṣèrébìnrin ti ní láti wọlé jókòó, iná sì ti ní láti jó, kí kámẹ́rà tó padà débẹ̀. Kò sí gígé, kò sí oògùn kọ̀ǹpútà. Mo máa ń fi han àwọn ọmọ iṣẹ́ mi.

Tíṣà Mọ́kọlá

Ìyá Agodi, ẹ mú mi rántí Kwaidan ti Masaki Kobayashi, 1964. Ìtàn mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Nínú ọ̀kan, Hoichi, afọ́jú tó ń lu ohun èlò olókùn, ń lọ kọrin ogun fún àwọn òkú tó ṣègbé sójú ogun náà. Wọ́n kọ àdúrà sí i ní gbogbo ara kí àwọn òkú má baà rí i, wọ́n gbàgbé etí. Etí yẹn ni wọ́n gbà lọ. Bí ẹ bá ti rí asùnrárà tó ń kì òkú níbi ìsìnkú, ẹ ó mọ ìdí tí àwọn òkú yẹn fi ń ranṣẹ́ pe Hoichi lálaalẹ́: oríkì ara wọn ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Àwọ̀ rẹ̀ dára gan-an, ọ̀run tí wọ́n fi ọ̀dà kùn ló wà lẹ́yìn àwọn òṣèré, Ọmọge ò sì ní rí dúdú àti funfun sọ. Ṣùgbọ́n ó lé ní wákàtí 3, ìtàn Hoichi nìkan ni ká fi hàn.

Lórí èyí tó ga jù, The Innocents ni mo ṣì dì mú. Omijé kan lórí síléètì tó fún mi.

Bàbá Mápó

Nínú ìwé Amos Tutuola tó jáde lọ́dún 1952, tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ di eré Ọ̀mùtí ní Yunifásítì Ìbàdàn, ọ̀mùtí náà tọ ẹni tó ń dá ẹmu fún un lọ sí ìlú àwọn òkú. Nígbà tó bá a, onítọ̀hún ní òun ò lè bá a padà, òkú kì í bá alààyè gbé. Miyagi mọ òfin yẹn, ó sì tọrọ òru kan. Ti Ìyá Agodi ni mo fọwọ́ sí.

Ọmọ Òkè-Àdó

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìṣòro kan ló kù: èdè Jàpáánì ni Ugetsu, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ sísàlẹ̀ rẹ̀, àwọn ìyá wa tó ń wá kì í kà á.

Ìyá Agodi

Èmi á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mà á máa sọ ọ́ ní Yorùbá fún wọn. Ibi tó bá dé ilé yẹn lóru, mà á dákẹ́, wọn ò nílò ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Bàbá Mápó

Fíìmù Íńdíà tí à ń wò nígbà náà, ta ló gbọ́ èdè rẹ̀? A sunkún rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọge Bódìjà

Mà á kó àwọn ọ̀rẹ́ mi wá wo ti Màmá, mo ṣèlérí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo Ringu lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, kí Bàbá wá sọ fún wa ohun tí Sadako wá gbà.

Ọmọ Òkè-Àdó

Ó dáa. Ugetsu ní Sátidé àkọ́kọ́, Ringu lẹ́yìn rẹ̀, Carnival of Souls ní ìkẹta. The Haunting àti The Innocents, inú yàrá òkè la ti máa wò wọ́n, pẹ̀lú fèrèsé títì, nígbà tí àwọn aládùúgbò bá ti pa jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀gbọ́n Oníkámẹ́rà, ẹ bá wa wá aṣọ funfun tó fẹ̀ dáadáa.

Oníkámẹ́rà Challenge

Mo ní ọ̀kan, kò ní ojú rírán láàárín. Ẹ ní kí wọ́n yọ gílóòbù ojúde yẹn kí n tó dé, kí pírójẹ́tọ̀ sì ti wà nílẹ̀ ní aago 7, torí mo fẹ́ dán ibi ilẹ̀kùn inú Ugetsu yẹn wò kí àwọn èèyàn tó jókòó.